Ibo Ni Oúnjẹ Inú Àwo Wa Ti Wá?

Ní Sátidé kan láìpẹ́ yìí, orúkọ oúnjẹ là ń kọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Mo kọ ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ọbẹ̀ ata, àgbàdo sísè àti ẹ̀pà sójú pátákó. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata àti ẹ̀pà ti wá, pé àwọn baba ńlá wa àtijọ́ kò mọ̀ wọ́n rárá. Mo rò pé inú wọn á dùn. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ pé ibí ni gbogbo ẹ̀ ti wá, kí ló wá kù tó jẹ́ tiwa?"

Àsìkò ti tó láti túká, àwọn òbí ti ń dúró níta, n kò sì rí i dá lóhùn dáadáa. Ìdáhùn mi nìyí. Ó gùn díẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin òbí bá wa kà á sétí àwọn tí kò tíì lè dá a kà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iṣu bẹ̀rẹ̀. Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán, ọmọ onílẹ̀ ni. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àbùdá iṣu ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i pé láti ara iṣu kan tó ń dá hù nínú igbó ni àwọn àgbẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣu oko, ní agbègbè odò Ọya. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó kó o wá fún wa. Àwọn èèyàn ilẹ̀ wa àti àwọn aládùúgbò wọn ló bá a nínú igbó, tí wọ́n ń wà á, tí wọ́n ń tún un gbìn, títí ó fi gbà láti máa bá èèyàn gbé. Ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀. Ní Ghana, àwọn awalẹ̀pìtàn hú hóró ẹ̀wà tó ti lé ní 3,000 ọdún jáde. Ilá, ẹ̀gúsí, epo pupa, irú, ọkà bàbà, gbogbo wọn ló ti wà ní Áfíríkà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sétí òkun wa. Ewùrà ni kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nínú iṣu. Éṣíà ló ti wá. Kí àwọn Ìjẹ̀bú tó wà láàrin wa má bínú sí mi nítorí ìkọ́kọrẹ́. Mo mọ bó ṣe ń dùn tó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ata. Ata rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni baba ńlá wọn ti wá. Lẹ́yìn ìrìn àjò Christopher Columbus ní ọdún 1492 ni àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn káàkiri etíkun Áfíríkà. Kí wá ni àwọn ìyá wa àtijọ́ fi ń mú ọbẹ̀ ta? Wọ́n ní atare, wọ́n sì ní iyèré, tó jẹ́ pé igbó tiwa ni àwọn méjèèjì ti ń hù. Atare yìí wà lára ohun tí àwọn òyìnbó ń wá kiri ní etíkun wa, débi pé òun ni wọ́n fi sọ etíkun Làìbéríà lórúkọ nígbà náà. Bí ẹ bá lọ síbi ìkómọjáde, ẹ wo àwo tí wọ́n gbé kalẹ̀ dáadáa: ẹ óò rí oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare. Ẹ ò ní rí ata rodo níbẹ̀. Èmi rò pé ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ máa ń pẹ́ kó tó yí padà ju ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ lọ.

Tòmátì náà, Amẹ́ríkà ló ti wá. Àlùbọ́sà gba ọ̀nà òkè wá ní tirẹ̀: ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti gba orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá sì ni àwọn Hausa ti gbà á. Ẹ wá wo ìkòkò ọbẹ̀ ata kan ṣoṣo lórí sítóòfù yín lálẹ́ òní. Ata àti tòmátì sọdá òkun wá. Àlùbọ́sà la aṣálẹ̀ kọjá. Epo àti irú wá láti ẹ̀yìnkùlé wa.

Àgbàdo dé láti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, ó sì bá ọkà bàbà nílé. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ fiyè sí i nìyí. Ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àgbàdo, wọ́n máa ń sè é nínú omi tí wọ́n po ẹfun tàbí eérú mọ́, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò bá a mú ìlànà wá. Àwọn ìyá wa ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkà bàbà: wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kó kan, ó di ògì. Wọ́n sè é, wọ́n pọ́n ọn séwé, ó di ẹ̀kọ. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ ògì bàbà yóò rí i rà. Àlejò ni àgbàdo nígbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n fi gbà á lálejò ti wà nílé kó tó dé.

Ìtàn gàrí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Bùràsílì ni ẹ̀gẹ́ ti wá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá. Àwọn Potogí ti gbé e dé etíkun Áfíríkà tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tètè gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìdí kan ni pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tó korò. Kò ṣeé wà lóko kí a sọ ọ́ sínú iná bí iṣu. Ẹ ní láti bó o, kí ẹ rin ín, kí ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro dànù, kó sì kan fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ tó wá yan án nínú agbada. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè fi pa ara ilé rẹ̀.

Ta ló wá kọ́ wa? Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn Àgùdà ló mú iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bùràsílì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀gẹ́ pàdé, tí wọ́n sì mọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Àwọn kan ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó pọ̀ jùlọ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìde ogun sí àwọn ọ̀gá wọn ní ìlú Salvador. Malê ni àwọn ará Bùràsílì ń pè wọ́n, láti inú ọ̀rọ̀ wa "ìmàle". Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba ibẹ̀ sì fi ayé ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira lára, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe wọkọ̀ padà wá sílé nìyẹn, sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Pópó Àgùdà wà ní Erékùṣù Èkó títí di òní. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń se fùrẹ́jọ̀nù lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà ló wà nínú orúkọ oúnjẹ yẹn.

Nítorí náà, gàrí tí ẹ fi ń te ẹ̀bà, àwọn ẹrú tó padà sílé ni wọ́n bá wa kó o dé. Ẹ rántí òwe tó fi iyán ṣe oúnjẹ gan-an, tó fi ọkà ṣe oògùn, tó ní ìgbà tí a kò bá rí méjèèjì ni a ń jẹ ẹ̀kọ, tó sì fi gúgúrú ṣe ohun tí ẹnu fi ń ṣeré. Àgbàdo ti ráyè wọ inú òwe náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bà kò sí níbẹ̀. Ìrẹsì kò sí níbẹ̀. N kò rò pé ẹni tó pa òwe náà kórìíra ẹ̀bà. Ó jọ pé ẹ̀bà kò tíì dé ìdí ààrò rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan náà yìí gbé oúnjẹ tiwa lọ. Ní àwọn òpópónà Salvador lónìí, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà àti "jẹ" tí wọ́n so pọ̀. Èyí tí wọ́n pọ́n séwé tí wọ́n sè ń jẹ́ abará, ọ̀ọ̀lẹ̀ tiwa náà ni. Acaçá wọn, ẹ̀kọ ni. Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsílì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé àwọn ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Ní Freetown pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti tú àwọn èèyàn wa sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí Samuel Ajayi Crowther wà nínú wọn ní ọdún 1822, àwọn Krio ṣì ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ títí di òní.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò gbé ìkòkò lọ, kò gbé ọlọ lọ. Kò ní fóònù tó lè fi pe ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń po ẹ̀wà lílọ̀ kí àkàrà tó wú?" Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ rántí àti ohun tí ẹnu rẹ̀ rántí nìkan ló bá a débẹ̀. Ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé, sí St. Albans níbí. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Jàmáíkà ní Linden Boulevard tàbí Merrick, ẹ óò rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ilá àti ata tó jọ ata rodo bí ìbejì. Iṣu tó ní àwọ̀ ìyeyè yẹn, tí àwọn ará Jàmáíkà fẹ́ràn gan-an, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e lọ síbẹ̀ nígbà òwò ẹrú. Àwọn èèyàn tó sì ti ṣáájú wa dé àdúgbò yìí, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìdílé wọn wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà wa níbí, láti Carolina, Georgia àti Virginia, máa ń se ẹ̀wà olójú dúdú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún, kí ọdún lè san wọ́n. Ẹ̀wà tiwa ni ẹ̀wà yẹn. Inú ọkọ̀ ẹrú ló bá débí. Ilá tí wọ́n ń sè náà bẹ́ẹ̀. Àní orúkọ tí òyìnbó ń pè é, okra, inú èdè Ìgbò ló ti wá, gumbo sì wá láti inú èdè àwọn èèyàn Àárín Gbùngbùn Áfíríkà.

Kò rọrùn fún àwọn aládùúgbò wa yìí láti dé St. Albans. Nígbà kan, a máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé ní Addisleigh Park pé a kò gbọ́dọ̀ tà á fún aláwọ̀ dúdú. Wọ́n pe ara wọn lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, títí di ọdún 1948 tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fi sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ òfin mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Count Basie gbé níbẹ̀, Ella Fitzgerald gbé níbẹ̀, Lena Horne pẹ̀lú, àti Jackie Robinson tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí pápá fún Brooklyn. Láti ọdún 2011 ni ìlú New York ti sọ àwọn ilé náà di ohun ìtàn tí a kò gbọ́dọ̀ wó ní wìtìwìtì. Ẹ lè gba ibẹ̀ kọjá bí ẹ bá ń bọ̀ ní kíláàsì.

Àwa Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà kò tíì pẹ́ púpọ̀ níbí. Òfin ọdún 1965 ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀, tí àwọn tó wá kàwé fi lè dúró. Lẹ́yìn tí náírà jábọ́ ní ọdún 1986 ni àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó dé nígbà àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe jẹun. Wọn á rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn. Kò sí èlùbọ́ ní ìgboro nígbà náà. Páúdà pòtétò inú páálí ni wọ́n ń rò bí iyán, àwọn mìíràn a po Bisquick mọ́ ọn kó lè fà. Cream of Wheat di òkèlè. Ẹ̀fọ́ òyìnbó tó ti dì bíi yìnyín ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fọ́ rírò, ẹni tó bá sì ti Èkó dé pẹ̀lú irú nínú àpótí, gbogbo ará ilé á gbọ́, nítorí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé ìyà ni wọ́n jẹ. Lójú tèmi, ohun kan náà tí ìyá wa ṣe sí àgbàdo ni wọ́n ń ṣe sí pòtétò.

Ìdáhùn mi fún ọmọ wa nìyẹn, bí ó bá ń kà á: iṣu, ẹ̀wà, ilá, epo àti irú jẹ́ tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, èyí tó kù sì di tiwa nítorí ohun tí ọwọ́ àwọn ìyá wa ṣe sí i. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jẹ́ ẹ̀ka kejì, kì í ṣe èkíní. Iṣu kò ní sọnù. Ọwọ́ tó mọ iye omi tó yẹ kó wà nínú ìkòkò kí àmàlà má baà ní kókó lè sọnù láàrin ọdún ogún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìyá kan láàrin wa sọ fún mi pé ìkòkò méjì lòun ń gbé kaná lálaalẹ́: ọbẹ̀ fún òun àti ọkọ òun, makarónì fún àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ gbé ẹ̀wà àti dọ̀dọ̀ lọ síléèwé nígbà kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di imú, láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ ẹ́ mọ́, àní nínú ilé. N kò dá a lẹ́bi, n kò sì dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi; ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje alẹ́ kò lágbára àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo ohun tó bá ìkòkò kejì lọ. Nílé tiwa àtijọ́, inú àwo kan náà ni àwọn ọmọ ti ń jẹun. Ẹ̀ ń fọwọ́, ẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹran, àgbà inú yín ló máa pín in. Ẹni tó bá wọlé bá yín, ẹ ó ní, "Ẹ wá bá wa jẹun," òun á ní, "Á gba ibi ire o." Bí ẹ bá yó tán, ẹ ó kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ó ní, "Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà." Ọ̀rọ̀ méjìlá mẹ́tàlá ti kọjá lẹ́nu ọmọ kó tó dìde, láìsí tíṣà, láìsí pátákó. Ní kíláàsì, wákàtí méjì pére la ní lọ́sẹ̀.

N kò ní kí ẹ fi ọ̀rànyàn fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ. Ìyá yẹn gan-an ti rí ọgbọ́n kan dá, mo sì ti gbààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Kò bẹ ọmọ náà pé kó jẹ ẹ̀wà. Ó ní kó wá bá òun din àkàrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ náà ló ń fi ṣíbí da ẹ̀wà lílọ̀ sínú òróró. Èyí àkọ́kọ́ fẹ̀ bí ìwé, èkejì jó, ẹ̀kẹta wú. Ó jẹ ẹ̀kẹta náà nídìí iná, kó tó tutù, ó sì bi ìyá rẹ̀ bóyá àwọn alákàrà Salvador náà máa ń jẹ tiwọn kí wọ́n tó tà á.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ti ọ̀sẹ̀ yìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lórí fóònù, kó bi wọ́n ní Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń jẹ lówùúrọ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ta ló sì ń sè é?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ tí ìlú wọn ń pe oúnjẹ náà, ìbáà ṣe Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ẹ̀gbá tàbí Oǹdó. Ẹni tí kò bá ní àgbà nílé mọ́ lè bi àgbà tó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ la ó kà wọ́n. Àwọn òbí méjì ti ní àwọn á gbé àkàrà àti ẹ̀kọ wá. Kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tètè jẹ́ ká mọ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.